Fọ́tò Ọmọ Ewúrẹ́ Amama

Gánà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni, ariwo rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀, nígbà tí ewúrẹ́ kan bímọ ní àdúgbò Dungu ní Tamale, tí ọmọ náà kò jọ ewúrẹ́, tí kò sì jọ àgùntàn. Amama ló ni ewúrẹ́ náà. Opó ni Amama, ọmọ ẹ̀yà Dagomba ni, òrí ló ń tà ní ọjà àárín ìlú, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Kò sẹ́ni tó ra òrí lọ́wọ́ rẹ̀ lásìkò náà tí kò gbọ́ ìròyìn ọmọ ewúrẹ́ yìí.

"Àgbò ará ilé kejì ló gùn ún," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. "Ojú mi báyìí ló ṣe. Mo lé e títí, kò lọ. Ẹ wá wo ohun tí Ọlọ́run fi dá mi lóhùn!"

Ọ̀rọ̀ náà rìn dé etí Osman, ayàwòrán kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ibùdókọ̀. Osman gbé kámẹ́rà, ó lọ sí Dungu, ó ya ẹran náà, ó sì fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn oníwèé ìròyìn kan ní Accra. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n àgùntàn ló wà nínú fọ́tò náà. Orí àgùntàn, etí àgùntàn, àyà onírun bí ti ọmọ àgbò, ojú tó ń wo kámẹ́rà bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ìyá arúgbó kan wà ní Tamale tí kò mọ àgùntàn yàtọ̀ sí ewúrẹ́ mọ́.

Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé ìwé ìròyìn náà gba Kumasi wá, ọjà sì gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ayishetu tó ń ta iṣu lódìkejì Amama ló kọ́kọ́ sọ ọ́: "Amama, awó rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti pa ọmọ pẹ́pẹ́yẹ?" Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, ibi tí Amama bá yà sí, awó àti pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n fi ń kí i. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi wá di igbá òrí rẹ̀, ó gbé e rù, ó gba ilé lọ, kò sì padà sí ọjà mọ́.

Aboabo, àdúgbò mìíràn ní Tamale, ni Àrìnkẹ́ ayàwòrán ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ní ilé fọ́tò rẹ̀. Tamale ni wọ́n bí Àrìnkẹ́ sí, ṣùgbọ́n Ìlọrin ni Àbdùsàlámì bàbá rẹ̀ ti wá, òun ló sì dá ilé fọ́tò náà sílẹ̀. Nínú gbogbo ọmọ rẹ̀, Àrìnkẹ́ nìkan ló ń jókòó tì í nínú yàrá òkùnkùn tó fi ń fọ fíìmù. Nígbà tí bàbá kú, àwọn mọ̀lẹ́bí ní kí wọ́n ta kámẹ́rà, wọ́n ní obìnrin kò lè ṣe iṣẹ́ náà. Àrìnkẹ́ kò bá wọn jà. Kí wọ́n tó ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tán, ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ẹlẹ́hàá inú Zongo, àdúgbò àwọn àlejò Mùsùlùmí, ló kọ́kọ́ ránṣẹ́ pè é, nítorí òun nìkan ló lè wọ ìyẹ̀wù wọn tí ọkọ wọn kò ní bínú. Nígbà tí àwọn ọkọ rí bí fọ́tò ìyàwó wọn ṣe dára tó, wọ́n wọ agbádá, àwọn náà wá jókòó níwájú rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, oníbàárà kan fi ìwé ìròyìn wé kóósé, àkàrà àwọn Hausa, tó ń jẹ, ó sì gbàgbé ìwé náà sórí bẹ́ńṣì. Àrìnkẹ́ tẹ́ ẹ, ó wò ó pẹ́. Mùsbáù ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù nídìí máṣíìnì rẹ̀.

"Bàbá Làbákẹ́, ẹ bá mi wo fọ́tò yìí."

Mùsbáù dá máṣíìnì dúró, ó gba ìwé náà. "Àgùntàn ni."

"Ọ̀sán gangan ni Osman yà á. Ẹ wo òjìji, abẹ́ ikùn ẹran ló kó sí. Ó tún wá dojú ẹran kọ kámẹ́rà, gbogbo ẹ̀yìn ẹran fara pamọ́ sẹ́yìn orí. Bí wọ́n bá ya ẹ̀yin náà báyìí, ta ni yóò mọ̀ pé ẹ ní ẹsẹ̀?"

Mùsbáù rẹ́rìn-ín. "Tó bá jẹ́ pé àgùntàn ni lóòótọ́ ńkọ́, Ìyá Làbákẹ́?"

"Tó bá jẹ́ àgùntàn, n ó wí pé àgùntàn ni. Ṣùgbọ́n mo mọ Amama. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìyá mi ti ń ra òrí kí wọ́n tó bí mi. Obìnrin yẹn kì í da nǹkan mọ́ òrí tà, kò ní da irọ́ mọ́ ọ̀rọ̀ sọ."

"Wọ́n ní kò fẹ́ rí ayàwòrán lójú mọ́. Wọ́n ní ó fi omi lé ẹnì kan lọ lánàá."

"Kò tíì rí èmi," ni Àrìnkẹ́ wí. Ó ká ìwé náà, ó fi í sínú àpótí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Dungu. Kò gbé kámẹ́rà dání. Ó bá Amama lábẹ́ igi dóńgóyárò nínú àgbàlá, ó ń po òrí nínú agbada ńlá kan, ọwọ́ rẹ̀ ti wọnú rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

"Dasiba, Ìyá," Àrìnkẹ́ fi Dagbani, èdè àwọn Dagomba, kí i káàárọ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

"Naa." Amama wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn ìkíni, Hausa ni wọ́n jọ ń sọ, bí gbogbo ará Zongo ṣe ń bá ẹni tó jẹ́ ẹ̀yà mìíràn sọ̀rọ̀. "Ìwọ kọ́ ni ọmọ Àbdùsàlámì oní-fọ́tò? Kámẹ́rà rẹ dà?"

"Ó wà nílé."

"Kí lo wá ṣe, nígbà náà?"

"Mo wá wo ẹran yín."

"Wọ́n ti wò ó tán ní Accra."

Àrìnkẹ́ ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ṣan ọwọ́, ó jókòó sódìkejì agbada, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a po òrí. Iṣẹ́ tó le ni iṣẹ́ òrí, apá a máa ro ènìyàn. Wọ́n pò ó títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, tó ń léfòó bí ìfófòó ọṣẹ. Ìgbà yẹn ni Amama lanu sọ̀rọ̀.

"Kì í ṣe ẹ̀rín yẹn ló dùn mí jù. Èmi náà máa ń fi ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n mọ̀ mí. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ni mo ti ń tajà láàrin wọn. Bébà kan dé láti ọ̀nà jíjìn, ó ní òpùrọ́ ni mí, wọ́n gba bébà gbọ́."

"Bébà náà kò purọ́, Ìyá," ni Àrìnkẹ́ wí. "Àgùntàn ló wà nínú fọ́tò yẹn. Fọ́tò náà ni kò dáa."

Amama nu ọwọ́, ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn ọgbà ẹran. "Sai Allah!" ó pè. "Sai Allah, jáde."

"Orúkọ rẹ̀ nìyẹn?"

"Gbogbo ẹni tó bá bi mí pé irú ẹran wo ni, ohun tí mo fi ń dá wọn lóhùn nìyẹn. Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Òun náà ti wá ń jẹ́ ẹ."

Ẹran náà jáde, Àrìnkẹ́ sì gbàgbé òrí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orí rẹ̀ gùn, imú rẹ̀ rọ kọdọrọ bí ti àgùntàn. Irun ọrùn àti àyà rẹ̀ ki, ó ká mọ́ra wọn, ó funfun. Ṣùgbọ́n láti èjìká lọ sẹ́yìn, irun ewúrẹ́ ni, dúdú, ó gùn, ó tẹ́ gẹ́lẹ́tẹ́, ó ń dán. Ibi tí funfun ti pàdé dúdú rí bí ìgbà tí télọ̀ rán aṣọ méjì pọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín. Ìrù rẹ̀ kúrú, ó sì nà sókè gan-an bí ìrù ewúrẹ́, kò fà wálẹ̀ bí ti àgùntàn. Ó ya ẹnu, ó ké. Igbe náà bẹ̀rẹ̀ bí ti ewúrẹ́, ó parí bí ti àgùntàn.

Àrìnkẹ́ bú sẹ́rìn-ín ayọ̀, ó sì na ọwọ́ sí i. Kíá ni ẹran náà sá sẹ́yìn, ó sì rẹ ìrù rẹ̀ sílẹ̀ mọ́ itan. Lójú ẹsẹ̀ ó di àgùntàn.

"Háà," ni Àrìnkẹ́ wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀rù bà á lọ́jọ́ tí Osman wá, àbí?"

"Ẹ̀rù? Ṣe ni ó ń gbọ̀n."

Amama súnmọ́ ẹran náà, ó fi ìka họ ẹ̀yìn etí rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ìrù náà tún gbéra. Àrìnkẹ́ wo ìrù, ó wo ọwọ́ Amama, ó gbé ojú sókè wo ibi tí oòrùn wà.

"Ṣé ìwọ gbà mí gbọ́?" Amama bi í.

"Mo ti rí i, Ìyá. Ohun tí ojú mi bá sì ti rí, mo lè mú kí ojú ẹlòmíràn rí i. Ẹ jẹ́ kí n wá ní àárọ̀ ọ̀la, kí oòrùn tó gòkè."

Amama yí ojú sí ọgbà ẹran. "Tó bá tún di ẹ̀rín ńkọ́?"

"Kò ní di ẹ̀rín. Iṣẹ́ mi ni."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbá, Àrìnkẹ́ di kámẹ́rà bàbá rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà náà ń dúró lé àti aṣọ dúdú tó máa ń fi borí. Fíìmù tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò pọ̀, nítorí ọkọ̀ tó ń kó wọn bọ̀ láti Kumasi ti bàjẹ́ lọ́nà. Kò dààmú. Ó ti mọ fọ́tò tó fẹ́.

Ó ní kí wọ́n mú ìyá ẹran náà wá, kí wọ́n sì bẹ Alidu, ará ilé kejì, kó mú àgbò rẹ̀ wá, kí ẹni tó bá wo fọ́tò lè rí bàbá, ìyá àti ọmọ papọ̀. Alidu wá tọwọ́tẹsẹ̀, inú rẹ̀ dùn pé àgbò òun yóò wọ ìwé ìròyìn. Ó fa àgbò náà ní okùn, ó ń kì í bí ẹni ń ki ọba. Àrìnkẹ́ gbé kámẹ́rà kalẹ̀, ó fi aṣọ dúdú borí, ó ń wo dígí ẹ̀yìn kámẹ́rà, níbi tí ayàwòrán ti ń mọ̀ bóyá àwòrán mọ́ tàbí kò mọ́.

Bóyá aṣọ dúdú tó ń mì yẹn ni àgbò rí tó fi rò pé àgbò mìíràn ni, a kò mọ̀. Ó já okùn gbà lọ́wọ́ Alidu, ó tẹ orí mọ́lẹ̀, ó sì kan ẹsẹ̀ kámẹ́rà. Àrìnkẹ́ fò sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá kámẹ́rà mú kó tó kanlẹ̀, ṣùgbọ́n igun rẹ̀ ti gbá ara agbada. Wọ́n gbọ́ bí dígí ṣe fọ́.

Alidu dọ̀bálẹ̀. Amama kawọ́ lérí. "Ó tó, ọmọ mi," ni ó wí. "Kó kámẹ́rà rẹ, kí o máa lọ. Ọlọ́run kò fẹ́ ọ̀rọ̀ yìí."

"Ọlọ́run kọ́, Ìyá," ni Àrìnkẹ́ wí, ó ń ṣa èérún dígí. "Àgbò ni."

Alidu kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé òun ló jẹ̀bi. Àrìnkẹ́ yẹ kámẹ́rà wò. Ojú rẹ̀ kò fọ́, ibi tí fíìmù ń wọ̀ kò tẹ̀. Dígí ìwòran nìkan ló lọ, ìyẹn ni pé kò ní lè rí àwòrán náà kó tó yà á. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti fín àmì sí ara kámẹ́rà náà láyé ọjọ́un, àmì ẹni tó jókòó, àmì ẹni tó dúró, àmì ẹbí tó pọ̀. Láti kékeré ni Àrìnkẹ́ ti mọ bí ènìyàn ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó fa kámẹ́rà sí àmì ẹni tó jókòó, ó gbé e dúró níbi tí oòrùn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kí irun tó ká àti irun tó tẹ́ lè ya ara wọn sọ́tọ̀. Ó ní kí Alidu so àgbò mọ́ igi dóńgóyárò lẹ́yìn, níbi tó ti lè wò, tí kò ti lè jà.

Ó wá ku Sai Allah. Ariwo dígí ti dẹ́rù bà á, ìrù rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ wá jókòó tì í."

"Èmi? Nínú fọ́tò? Kí ọjà tún rí mi?"

"Bí ẹ kò bá sí níbẹ̀, ìrù rẹ̀ kò ní dìde. Bí ìrù rẹ̀ kò bá dìde, àgùntàn ni n ó yà bí Osman ṣe yà á. Bí mo bá sì ya ẹran nìkan, wọn ó ní ẹran ẹlòmíràn ni." Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà. "Ìyá, wọ́n ti fi yín rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ kò sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí yín."

Amama wọ ilé lọ, ó pẹ́ níbẹ̀, Alidu ti ń rò pé kò ní jáde mọ́. Nígbà tó jáde, ó ti wọ aṣọ òfì onílà tí ọkọ rẹ̀ fi fẹ́ ẹ sílé, ó ti fi òrí pa ojú, ojú náà ń dán. Ó jókòó sórí àpótí, ó fa ẹran náà mọ́ra ní ẹ̀gbẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ẹ̀yìn etí rẹ̀, ó ń bá a sọ Dagbani wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ìrù gbéra. Àrìnkẹ́ ya ọ̀kan. Ó pààrọ̀ fíìmù, ó ya ìkejì, ẹran náà mi orí. Fíìmù tó gbẹ̀yìn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ìyá ewúrẹ́, tí gbogbo wọn ti gbàgbé, rìn wá láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Sai Allah rí i, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún iwájú, ó sì sọ ẹnu mọ́ ọmú. Ìrù náà dúró ṣánṣán. Ewúrẹ́ yí ọrùn padà, ó ń gbóòórùn ọmọ rẹ̀. Amama gbàgbé kámẹ́rà, ó wò wọ́n, ó rẹ́rìn-ín.

Àrìnkẹ́ tẹ rọ́bà tó ń ṣí ojú kámẹ́rà. "Ó ti parí," ni ó wí. Kò tíì rí fọ́tò náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá òkùnkùn. Mùsbáù dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò lè ṣiṣẹ́. "Ìyá Làbákẹ́, ṣé ó jáde?"

"Ẹ jẹ́ kí omi ṣe iṣẹ́ rẹ̀."

Ní ìsàlẹ̀ omi, aṣọ òfì ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀yìn dúdú ẹran, àyà funfun tó ká, ìrù tó nàró, ewúrẹ́ tó yí ọrùn, àgbò tó ń wò láti ìdí igi. Àti ojú Amama. Gbogbo rẹ̀ mọ́ kedere. Nígbà tó gbé e jáde, Mùsbáù gbà á, ó wò ó, kò sì sọ pé àgùntàn ni. Kò sọ pé ewúrẹ́ ni. Ó ní, "Sùbùhánalláhì."

Àrìnkẹ́ mú kí fọ́tò náà tóbi bí awẹ́ fèrèsé, ó gbé e kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ ọjà. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i àfi orúkọ Amama. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọ̀nà ti dí. Àwọn kan ń wo iwájú ẹran, wọ́n ní àgùntàn. Àwọn tó wà lódì kejì ń wo ẹ̀yìn, wọ́n ní ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn á tún padà wò ó. Ayishetu oníṣu wà láàrin wọn. Kò sọ̀rọ̀ awó, kò sọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ.

Osman náà wá. Àwọn ènìyàn là fún un, wọ́n ń retí ìjà. Ó dúró níwájú fọ́tò náà pẹ́.

"Ẹ̀gbẹ́ lo ti yà á," ni ó wí níkẹyìn.

"Ẹ̀gbẹ́ ni, láàárọ̀, ẹni tó ni ín sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀."

"Èmi sáré. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ ọ̀sán bá mi gbé e lọ." Osman mi orí. "Fún mi ní ẹ̀dà kan. Èmi ni mo fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí Accra, èmi náà ni n ó fi èyí ránṣẹ́."

"N ó fún yín, bí wọn ó bá kọ orúkọ Amama sí i, kí wọ́n sì kọ ọ́ dáadáa."

Wọ́n kọ ọ́ dáadáa. Nígbà tí ìwé ìròyìn náà dé, Amama ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Ayishetu ló kọ́kọ́ ra òrí lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò tọrọ àforíjì lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó mú iṣu kan tó dára, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá Amama, Amama sì gbà á. Kò pẹ́ tí ẹnu tí kì í sinmi fi tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Fọ́tò náà ló mú dókítà ẹran kan wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ nínú àgbàlá Amama, ó yẹ ẹran náà wò láti orí dé pátákò, inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé lọ́jọ́ ọdún. Ó ní irú rẹ̀ a máa ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀, èyí tó bá sì ṣẹlẹ̀, ó máa ń ṣòro kí wọ́n bí i láàyè. Ó bẹ Amama kó jẹ́ kí òun mú un lọ sí Accra.

"Ẹ mú fọ́tò lọ," Amama dá a lóhùn. "Fọ́tò kì í jẹ koríko, kò sì ní wá ìyá rẹ̀." Dókítà rẹ́rìn-ín, ó gba fọ́tò, ó máa ń wá wo ẹran náà nígbà gbogbo tó bá dé Tamale. Sai Allah dàgbà, ó sanra, kò bímọ rárá, ó sì pẹ́ láyé.

Àrìnkẹ́ rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú, Amama wọlé sí ilé fọ́tò ní Aboabo, ó wé gèlè, ó lé tìróò. Ó jókòó sórí àga níwájú kámẹ́rà láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó.

"Ẹran náà dà, Ìyá?" Àrìnkẹ́ bi í.

"Ó wà nílé," ni Amama wí. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó gbé àgbọ̀n sókè. "Wọ́n ti rí i tó. Ya èmi nìkan."

Àrìnkẹ́ fi aṣọ dúdú borí.